Ẹ̀dọ̀ kọ́ ni ẹ̀dọ̀fóró: ohun tí ewé jíjẹ ń ṣe sí wa, àti ohun tí èéfín ń ṣe

Ohùn kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní oníṣègùn ni òun. Ó ní ewé kan wà tí àwọn ará Yemen àti Ethiopia máa ń jẹ lẹ́nu, khat ni wọ́n ń pè é, ewé náà sì máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ èèyàn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí Màmá Òkè-Ẹ̀sọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, fi pè mí láti Iléṣà. "Ọmọ mi, wọ́n ní tábà tí mò ń jẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́. Ṣé ohun tó ń mú mi wúkọ́ nìyẹn?"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Ọkùnrin yẹn sọ khat, Màmá gbọ́ tábà. Ó sọ ẹ̀dọ̀, Màmá gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí Màmá nìkan kọ́.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń ṣe láti ọdún 21 sẹ́yìn, ìbéèrè yìí kì í sì í tán nílẹ̀. Awakọ̀ tírélà kan tó ń kó obì láti Sábó ní Ifẹ̀ lọ sí Kánò bi mí rí, nítorí ó máa ń jẹ obì àti ewé tábà kí oorun má baà gbé e lójú pópó. Ìyá kan bi mí nípa ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Nairobi, tó ti kọ́ miraa jíjẹ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Khat kan náà ni. Miraa ni wọ́n ń pè é ní Kenya. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí èèyàn bá ń jẹ ewé tó ń lani lójú fún ọdún gbọọrọ, kí ni yóò ṣe sí ibi tí a fi ń mí? Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n kò rí bí ohùn orí WhatsApp yẹn ṣe gbé e kalẹ̀. Mo sì fẹ́ tú u wò dáadáa, nítorí àṣìṣe inú rẹ̀ lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, níwájú tábìlì alápatà. Ẹ ní kó gé ẹ̀dọ̀ díẹ̀ àti fùkù díẹ̀ fún yín. Ẹ̀dọ̀ wúwo, ó pọ́n dúdú, ó ń dán. Bí ẹ bá jù ú sínú omi, ìsàlẹ̀ ló ń lọ tààrà. Fùkù fúyẹ́. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń wọlé bí fóòmù, ẹ ó gbọ́ atẹ́gùn tó ń sá jáde, ìfófòó pupa díẹ̀ á sì yọ lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Ẹ jù ú sínú omi, ó léfòó. Ẹni tó bá ti se fùkù rí mọ̀ pé kì í gbà kí omi bò ó nínú ìkòkò, àfi kí èèyàn wá nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Fùkù yẹn gan-an ni à ń pè ní ẹ̀dọ̀fóró lára èèyàn. Àpò atẹ́gùn kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ó tó 300 mílíọ̀nù nínú àyà àgbàlagbà kan, ara wọn sì tín-ín-rín débi pé atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ohun tí a gbé mì ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló ń yọ májèlé inú oúnjẹ àti oògùn kúrò. Ohun tí a bá jẹ, ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ bá a jà. Ohun tí a bá fà símú, ẹ̀dọ̀fóró ni. Èdè wa fi orúkọ wọn jọ ara wọn, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ó ti kó bá wa. Ẹ tún gbọ́ èyí: ibòmíì ni wọ́n ti ń pe ikọ́ ẹ̀gbẹ ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ibòmíì ni wọ́n ti ń pe àrùn tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ wú ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Àrùn méjì tí kò bá ara wọn tan rárá, orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, èkejì wà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ohun tí a gbé mì.

Nítorí náà, ọkùnrin inú WhatsApp yẹn kò parọ́ tán. Àwọn dókítà ti rí àwọn tó ń jẹ khat gan-an tí ẹ̀dọ̀ wọn wú, tí ojú wọn pọ́n bí ẹni tó ní ibà apọ́njú. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ló ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa fùkù.

Ẹ wá jẹ́ ká wo bí ewé ẹnu ṣe ń rìn nínú ara. Lẹ́yìn ahọ́n, ní ibi gògóńgò, ọ̀nà méjì ló pínyà: ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn, ọ̀nà èémí wà níwájú. Ọmọrí kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń bo ọ̀nà èémí nígbàkígbà tí a bá gbé nǹkan mì. Bí oúnjẹ bá ṣèèṣì pá yín lórí, ọmọrí yẹn ni kò tètè padé. Omi ewé tí a ń jẹ ń gba ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ahọ́n wọ ẹ̀jẹ̀, ìyókù ń bá itọ́ lọ sí ikùn. Kò gba ọ̀nà èémí lọ. Èéfín nìkan ló ń gba ọ̀nà yẹn lọ tààrà, ó ń kó ọ̀dà dúdú, eérú tí ojú kò lè rí àti afẹ́fẹ́ olóró dání lọ bá àwọn àpò tín-ín-rín yẹn. Àwọn irun wẹ́wẹ́ kan wà lára ọ̀nà èémí tó ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè tọ̀sán tòru bí ẹni ń gbálẹ̀. Èéfín ló ń rọ wọ́n lápá. Omi ewé kò débẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí omi ewé ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀, nítorí àwọn àgbà wa mọ ọgbọ́n kan níbẹ̀ tí wọn kì í ṣàlàyé. Màmá Òkè-Ẹ̀sọ̀ ní agolo kékeré kan tó jẹ́ agolo Robb tẹ́lẹ̀. Aáṣáà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi èékánná gbá ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi ìka méjì bù ú, wọ́n á fa ètè ìsàlẹ̀ síwájú, wọ́n á sì tò ó sáàárín ètè àti eyín. Wọ́n á dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn á là, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ. Tábà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ kánún ni aáṣáà yẹn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni kánún wá ṣe níbẹ̀, wọ́n á ní kó lè mú dáadáa ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nikotíìnì, èròjà inú ewé tábà tó ń lani lójú, kì í tètè gba ẹran ẹnu wọlé fúnra rẹ̀. Kánún ló ń tú u sílẹ̀ tó fi ń wọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá.

Lórí àwọn òkè Andes ní Peru àti Bolivia, àwọn tó ń jẹ ewé coca láti ìgbà ìwáṣẹ̀ máa ń fi eérú tàbí ẹfun tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ ọn. Ní India, wọ́n ń fi ẹfun sínú ewé betel. Òkun wà láàárín wa, ẹnì kan kò kọ́ ẹnì kejì, ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn dá. Iṣẹ́ tí kánún, eérú àti ẹfun ń ṣe kò yàtọ̀: wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ fún oje ewé.

Inú ẹ̀jẹ̀, nígbà náà, ni ẹ ti máa wá jàǹbá ewé. Nikotíìnì ń mú kí ọkàn sáré, ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹnu tí ewé ń sùn sí ń jìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tábà tí a kò fi iná sí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà oúnjẹ àti ti pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀fóró kò sí nínú mẹ́ta yẹn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí dá ara rẹ̀ lọ́kàn le ju bó ṣe yẹ lọ: èròjà kan wà nínú tábà tó ń jẹ́ NNK, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún eku nínú ìwádìí. Ó wà nínú tábà tí wọ́n ń jẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú sìgá.

Ní ti khat, igi kan ni ó ń dàgbà lórí àwọn òkè Ethiopia, Kenya àti Yemen. Ọ̀mùnú ewé rẹ̀ ni wọ́n ń já. Ohun tó ń lani lójú nínú rẹ̀ ń jẹ́ cathinone, ọdún 1975 ni ilé àyẹ̀wò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Mọ̀lẹ́bí amphetamine, oògùn líle tó ń lé oorun lọ, ni. Cathinone kì í pẹ́ nínú ewé: bí wọ́n bá ti já a, láàárín bí ọjọ́ méjì, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e kó má baà rọ, tí ọkọ̀ tó ń gbé e sì ń sáré àsápajúdé lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Gbígbẹ tí wọ́n ń kó wọ orílẹ̀-èdè wa, tí NDLEA sì ti ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e gba pápákọ̀ Ìkẹjà, kò lágbára tó tútù, ṣùgbọ́n oògùn olóró ni lójú òfin. Bìrìtéènì fòfin dè é ní oṣù kẹfà 2014. Ní Kenya àti Ethiopia, ọjà gbangba ni, owó ló sì ń mú wọlé fún àgbẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n máa ń jókòó tì í ní Yemen. Èèyàn á jẹ ewé náà díẹ̀díẹ̀, á máa tò ó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi yọ bí ẹni tó há ẹyin sẹ́nu. Ó lè tó 100 sí 200 gíráàmù tí ẹnì kan máa jẹ kó tó dìde, wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ á máa dùn lẹ́nu, ebi kò ní pa wọ́n, oorun kò ní kùn wọ́n. Nígbà tó bá yá, ara á wálẹ̀, inú á bàjẹ́, oorun òru á sì fò lọ. Tí ó bá di àṣà ọdún pípẹ́, ohun tí àwọn dókítà ń rí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìkọlù ọkàn, egbò ẹnu àti ìdí eyín tó ń jẹrà, inú kíkún tí ìgbẹ́ kò jáde, àti ẹ̀dọ̀ tí mo ti mẹ́nu bà. Wọ́n tún ń fi oògùn apakòkòrò sí ewé náà lóko, ọ̀pọ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ láìfọ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Ohun tó lè ya yín lẹ́nu ni pé, fún wákàtí díẹ̀, khat lè mú kí ọ̀nà èémí là sí i. Ẹbí ephedrine ni àwọn èròjà inú rẹ̀, ephedrine yẹn sì ni wọ́n ń fún àwọn alásímà láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ń jẹ khat lè sọ pé òun ń mí dáadáa, kò sì parọ́. Kò sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé omi ewé náà fúnra rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí èéfín ṣe ń bà á jẹ́. Síbẹ̀, àwọn tó ti ń jẹ khat láti ọjọ́ pípẹ́ ń wúkọ́, wọ́n ń mí lókèlókè, àwọn kan ń pọ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ wo yàrá tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n ti fèrèsé pa, nítorí wọ́n ní ooru ń jẹ́ kó mú. Èèyàn mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fara ti ìrọ̀rí, èjìká kan èjìká. Ọwọ́ kan mú ewé, ọwọ́ kejì mú sìgá, nítorí àwọn méjèèjì máa ń pe ara wọn; ẹni tí kì í fa ju sìgá kan lóòjọ́ lè fa odindi páálí kan nídìí khat. Wọ́n lè gbé ṣíṣà sáàárín. Ní 2005, WHO kìlọ̀ pé èéfín tí èèyàn ń fà nídìí ṣíṣà ní ìjókòó kan lè tó ti sìgá 100, a kò tíì sọ ti èédú tó ń jó lórí rẹ̀. Ẹni tí kò fa ohunkóhun nínú yàrá yẹn ń fa ti gbogbo wọn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀, wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́ nínú yàrá títìpa ti tó láti pín in kárí. Sìgá fúnra rẹ̀ ń sọ ewu ikọ́ ẹ̀gbẹ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ kò nílò khat kí ẹ tó ní irú yàrá yẹn. Mo mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé ní Ifẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jókòó lálẹ́, fèrèsé pípadé, igbó àti ṣíṣà, obì lórí tábìlì. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, obì ni ìyá rẹ̀ máa ń dá lẹ́bi. Obì kò jẹ̀bi. Kaféènì ló wà nínú obì, èyí sì máa ń la ọ̀nà èémí alásímà díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Obì lè dá oorun dúró, ó lè mú ọkàn lù kìkì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń wúkọ́ nínú àyà ọmọ yẹn.

Ọ̀nà kejì tí ewé fi ń dé ẹ̀dọ̀fóró gba inú ọkàn kọjá. Ọkàn tí khat tàbí nikotíìnì ti ń sáré lé kiri fún ogún ọdún lè rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a ṣe é. Bí ọkàn kò bá lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, ẹ̀jẹ̀ á dá padà sẹ́yìn, omi á sì máa jò sínú àwọn àpò atẹ́gùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í lè sùn gbalaja. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń fi gbórí sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á sì jí lóru bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ rì sódò. Ara ilé á ní àyà ló ń dùn ún. Ọkàn ni.

Ó tún ku ọ̀nà kan tó rọrùn jù, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: kí èèyàn sùn lọ pẹ̀lú ewé lẹ́nu. Àgbàlagbà tó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ iná pẹ̀lú tábà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè fà á sínú ọ̀nà èémí, kí ó di ibà inú àyà, òtútù àyà tó lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tu ú sílẹ̀ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀.

Kí n má ṣe mú kó dà bíi pé ewé gbogbo rí bákan náà. Èyí tí wọ́n ń jẹ ní India àti Papua New Guinea, tí wọ́n fi ewé betel wé èso areca, yàtọ̀ sí khat. Èròjà inú areca lè fún ọ̀nà èémí alásímà pọ̀ kó sì mú kó máa mí híhẹ́. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ gan-an ló ń dé àyà. Ti coca tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Kò tíì sí ẹni tó rí i pé ewé coca tí wọ́n ń jẹ ní Bolivia ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n kòkéènì tí wọ́n yọ nínú ewé kan náà, tí wọ́n jó tí wọ́n sì fa èéfín rẹ̀, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tú nínú àyà. Ewé ò yí padà. Iná ló yí i padà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ iná nìyí.

Nígbà tí ikọ́ Màmá Òkè-Ẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọ la kọ́kọ́ gbẹ́jọ́ rẹ̀. A ní aáṣáà ni. A gba agolo Robb yẹn lọ́wọ́ wọn, a fi pamọ́, a sì bá wọn wí bí ẹni bá ọmọdé wí. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, mo gbà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì ń dùn mí títí di òní. Oṣù mẹ́ta kọjá. Orí ń fọ́ wọn, inú ń bí wọn, oorun kò wá mọ́, gbogbo ohun tí nikotíìnì ń ṣe fún ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lójijì. Ikọ́ kò dín. Wọn kì í lè gun òkè ilé wọn láìdúró lẹ́ẹ̀mejì.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn láti yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Kò sí. Lẹ́yìn náà, dókítà obìnrin kan fún wọn ní ọ̀pá kékeré kan tó so mọ́ ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n mí sínú dé òpin, kí wọ́n sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹni tí àyà rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń tú, ó kéré tán, 70 nínú 100 atẹ́gùn rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ti Màmá kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń la ọ̀nà èémí. Dókítà náà fi àga sún mọ́ wọn. "Màmá, ẹ ti mu sìgá rí?" Wọ́n ní láyé, àwọn ò mu ún. "Kí ni iṣẹ́ tí ẹ ṣe?"

Gààrí ni wọ́n dín fún ọdún 38. Lábẹ́ páánù tó kéré, ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n jókòó ti agbada láti ìdájí, igi tútù ń jó lábẹ́ rẹ̀ nítorí gbígbẹ wọ́n owó, ojú wọn ń dà omi, orí wọn wà nínú èéfín gan-an kí wọ́n lè máa ro gààrí kó má jó. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn tọ́. Ìkan nínú wọn wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ifẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wo èéfín yẹn rí ká pè é ní nǹkan, torí pé oúnjẹ wa ló ń sè. Ewé inú agolo ni a rí, nítorí a ti kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

WHO ní àwọn tí èéfín ìdáná inú ilé pa lágbàáyé lọ́dún 2020 tó 3.2 mílíọ̀nù. Àwọn ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn wọn ni ìpalára rẹ̀ ń dé bá jù. Èéfín igi kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti sìgá lójú àwọn irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí.

Bí ẹ bá ń jẹ ewé kan tí ẹ sì ń wúkọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ti ká máa bá ewé jà nílé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà sì ni wọ́n sábà máa ń fi lo oògùn náà tí ara á fi yá. Orógbó tí ẹ ń jẹ fún ọ̀fun lè mú ara tù yín, ṣùgbọ́n kò lè pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí wọ́n bá ti bi yín ní ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ fi ti èéfín kún un fúnra yín, kódà bí wọn kò bá bi yín: ohun tí ẹ fi ń dáná, ibi tí ẹ ti ń dáná, ẹni tó ń fa sìgá nínú yàrá yín, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe látìgbà èwe. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń béèrè sìgá, wọ́n á sì gbàgbé agbada.

Kí ẹ má sì fi sìgá rọ́pò tábà ẹnu nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáwọ́, bí àwọn awakọ̀ kan ti ń ṣe. Wọ́n ní sìgá kò ní ba eyín jẹ́. Wọ́n gbé ìṣòro náà kúrò ní ẹnu, wọ́n sì gbé e sínú àyà. Bí jíjáwọ́ bá le, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó yẹ kó bú yín.

Ilé gààrí Màmá ti yí padà. Àwọn ọmọ gbé páánù rẹ̀ ga, wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n mọ ààrò tí ẹnu rẹ̀ wà lóde, kí ẹni tó ń dín gààrí má jókòó sínú èéfín. Ọmọ ọmọ wọn ló ń dín in báyìí. Màmá ń fa oògùn inú ike lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wọ́n sì ń gun òkè ilé wọn pẹ̀lú ìdúró kan ṣoṣo.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ewé kò tíì parí. Ní ọjọ́ tí a ń ṣàyẹ̀wò àyà wọn, dókítà obìnrin yẹn ní kí wọ́n yọ ètè ìsàlẹ̀ jáde. Ní ibi gan-an tí aáṣáà ti ń sùn láti bí ogójì ọdún, ẹran ètè ti funfun, ó le, ó sì ń ha ọwọ́ bí ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ara odi. Kò dun wọ́n rárá, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi sọ ọ́ rí. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó wo ẹnu wọn, nítorí àyà ni gbogbo wa dojú kọ. Wọ́n ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn eyín ní Ifẹ̀. Wọ́n ti gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ká padà wá gba èsì, Màmá sì ti ní èmi ni kí n tẹ̀lé àwọn lọ.